Lítà Mẹ́rin fún Bàbá Aláago

Ọdún méjìlélógójì ni Bàbá Aláago fi tún aago ṣe, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun gbọ́ igbe rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ẹ̀yìn tábìlì kékeré kan ló máa ń jókòó sí, gíláàsì róbótó tó ń sọ eèrà di erin á wà lójú ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì pa dé. Oníbàárà á ro ẹjọ́ aago rẹ̀ délẹ̀, Bàbá Aláago á ní, "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì." Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, aago á ti máa ṣiṣẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà ló ṣe ń gbé ayé: jẹ́jẹ́, láì da ẹnikẹ́ni láàmú.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, fárígá pé àfi kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ó kó wá tòun ti àpótí aṣọ kan àti àpótí irinṣẹ́ kan. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé: yàrá méjì, pálọ̀ kan, ilé ìdáná tí ẹni méjì ò lè yíra padà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo tí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé, oṣù mẹ́jọ gbáko, ló ti pinnu pé ìyàwó ọmọ òun ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan kún ilé. Tó bá mu tíì tán, á fọ ife. Tó bá wẹ̀ tán, á fi aṣọ gbígbẹ nu ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ títí á fi máa dán. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, orí okùn kan tó ta sójú fèrèsé yàrá rẹ̀ ló sì ń sá a sí.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń bá a fà á.

"Bàbá, ẹ fi ife yẹn sílẹ̀, màá fọ̀ ọ́."

"Má ṣèyọnu, ìyàwó. Mo ti fọ̀ ọ́ tán."

Nígbà tó ṣe, ó dákẹ́. Ohun tó ń rò nígbà tó dákẹ́ yẹn, Bàbá Aláago ò mọ̀, kò sì béèrè.

Nǹkan tí òun náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ òun jáde. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, á lọ fúnra rẹ̀. Kò lọ. Ó dín àkàrà àti súgà kù, kò lọ. Ó wá ń dọ́gbọ́n sí i: á ṣan tọ́ìlẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, á fi tíṣù nu etí rẹ̀ yípo, á sì rẹ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ sínú omi tútù kó tó di pé ẹnikẹ́ni jí. Oṣù márùn-ún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ara ló tú u fó. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ń fi ẹ̀mú gbé kẹ̀kẹ́ wínníwínní kan sínú aago obìnrin, ni òòyì bá kọ́ ọ, ló bá dojú dé orí tábìlì. Ẹni tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi máa sáré dé, dókítà ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ibì kan ni ẹ̀jẹ̀ yìí ń gbà jáde o. Ṣé ẹ máa ń rí i nínú ìgbẹ́ yín?"

Bàbá Aláago wo bàtà dókítà. "Díẹ̀díẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́."

"Bàbá."

"Ó tó oṣù márùn-ún."

Ọmọ rẹ̀ káwọ́ lérí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yíjú sí fèrèsé.

Bí wọ́n ṣe ṣètò àyẹ̀wò nìyẹn. Rọ́bà gígùn kan tó ní kámẹ́rà lórí ni wọ́n fẹ́ gba ojú ìdí rẹ̀ kì bọ inú ìfun ńlá, kí wọ́n lè wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí i, obìnrin kúkúrú kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀, gbé kẹ́ẹ̀gì oníke kan tó ní ìlà lára lé e lọ́wọ́. Ẹ̀tù funfun wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ máa pọn omi sí i títí dé ìlà tòkè yìí, lítà mẹ́rin nìyẹn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ nǹkan líle kankan látàárọ̀. Omi nìkan, tíì tí ò ní mílíìkì, omi ẹran tí wọ́n ti sẹ́. Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ife kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí lítà mẹ́ta á fi tán. Ẹ fi lítà kan sílẹ̀ di aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú. Ọ̀sán Ọjọ́rú la máa ṣe é. Ohun tó ń jáde lára yín gbọ́dọ̀ mọ́ gaara bí ìtọ̀. Tí kò bá mọ́, a ò ní rí nǹkan kan. Ẹ ń gbọ́ mi, Bàbá?"

"Mo ń gbọ́."

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín tó máa ń mú yín tọ̀, ẹ má lò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun o. Omi máa gbẹ lára yín. Kí ẹ má sì jìnnà sí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì." Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sẹ́yìn ìwé kan, ó fún un.

Ọmọ rẹ̀ ti búra pé òun á wà nílé. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó pè láti ojú ọ̀nà tó jìn ní ìrìn ọjọ́ méjì pé ọkọ̀ òun ti kú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jóná, òun sì ń dúró de àwọn tó máa wá fà á. Bàbá Aláago ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, ó tún bọ́ sí pálọ̀ lọ sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kó máa lọ síbi iṣẹ́, òun á dá a ṣe.

"Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́, Bàbá."

"Kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Omi lásán ni mo fẹ́ mu."

"Mo ti gbàyè," ni ìyàwó wí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi.

Bí aago mẹ́ta ṣe lù, Bàbá Aláago ti jókòó sí tábìlì ìjẹun, ó tú aago ọwọ́ rẹ̀ ó gbé e síwájú. Ó gbé ife àkọ́kọ́ dà sọ́nà ọ̀fun. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti fi adùn ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, àmọ́ ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnì kan fi ọṣẹ fọ ọsàn nínú omi iyọ̀. Ó gbé e mì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ó mu ìkejì. Ó mu ìkẹta. Nígbà tó mu ìkẹrin, tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀, ó fọwọ́ pa ikùn rẹ̀.

"Ìyàwó, ó jọ pé inú mi ò gbọ́ èdè oògùn yìí."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, tó fi ní láti gbé ife sílẹ̀. Bàbá Aláago ò rántí pé òun ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí nígbà tó bá ku àwọn méjì nílé. Ó ń rò ó lọ́wọ́ ni nǹkan kan bá yí gbirigbiri nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga lórí àjà.

Ó dìde. Ó kọ́kọ́ rìn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó ń yára rìn. Láti ibẹ̀ dé ilé ìwẹ̀, eré ló sá.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì ṣí ẹ̀rọ omi kí ariwo omi lè bo ariwo tirẹ̀. Láàárín kan, ó gbọ́ tí rédíò pálọ̀ lọ sókè, tó fi jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọkùnrin kan tó ń ka iye góólù tí wọ́n gbá sáwọ̀n. Ìyàwó ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó yé Bàbá Aláago pé nítorí òun ló ṣe gbé e sókè, ojú sì tún wá tì í jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti ìgbà yẹn, kò ní ìsinmi mọ́. Tó bá jáde, kó tó jókòó, á tún ti padà. Ìgbẹ́ gbuuru kọ́ ni ká pe èyí, bí ìgbà tí wọ́n ṣí páìpù ni. Tíṣù dà bí iyanrìn lára rẹ̀. Nígbà tí kò lágbára láti máa lọ máa bọ̀ mọ́, ó jókòó síbẹ̀, ìyàwó sì ń kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Á ṣí i ní ìwọ̀n tí ọwọ́ lè gbà kọjá, ife á wọlé, á mu ún, ife òfìfo á jáde, á sì tún ti kọ́kọ́rọ́.

"Ó ku mẹ́rin, Bàbá. Ẹ kú ìfaradà."

"O ṣeun."

"Ó ku mẹ́ta."

Ó fẹ́ dáhùn, àmọ́ eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Òtútù ń mú un nínú ooru ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé òun ti gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun mì láàárọ̀, bí òun ṣe ń gbé e mì lárààárọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọwọ́ ló mú un, ọkàn ò sí níbẹ̀. Ó mu ife kẹwàá. Ó ní kí òun dìde, kí òun fa ṣòkòtò òun sókè, kí òun lọ sọ ọ́ fún ìyàwó. Bó ṣe nàró báyìí ni gbogbo ilé ìwẹ̀ ṣú, funfun ògiri di dúdú, ilẹ̀ sì bọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó lajú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí táìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ká sábẹ́ rẹ̀, ìkejì wà lẹ́yìn tọ́ìlẹ́ẹ̀tì. Ṣòkòtò rẹ̀ wà ní kókósẹ̀. Inú rẹ̀ ò sì dúró dè é. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe ń jáde, ó gbóná, ó ń ṣàn lọ sábẹ́ itan rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i.

"Bàbá? Kí ló ṣubú yẹn?"

Ó fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan.

"Bàbá! Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mo wà ńbí."

"Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ó na ọwọ́. Ọwọ́ náà gbéra díẹ̀, ó tún wálẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbé kẹ̀kẹ́ tó kéré ju irúgbìn lọ sí àyè rẹ̀ láìgbọ̀n, ó wá dà bí òwú tí wọ́n rì bọmi. "Mi ò lè dìde," ló wí. Ohùn náà ò jọ tirẹ̀.

Ìyàwó gbá ilẹ̀kùn, ó fà á, ó tún gbá a. "Mò ń lọ pe àwọn ará ìsàlẹ̀ kí wọ́n wá já a."

"Rárá!" Igbe ni. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. "Ìyàwó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Má jẹ́ kí wọ́n wá bá mi báyìí."

Ìyàwó ò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Kí ni kí n wá ṣe? Ẹ sọ ohun tí màá ṣe fún mi."

"Àpótí irinṣẹ́ mi, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Síkúrúdíráfà tó lọ́wọ́ pupa, òun ló tóbi jù níbẹ̀."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré lọ, ó gbọ́ ọ tó ń sáré bọ̀. Síkúrù mẹ́rin ló mú irin ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ra. Ìyàwó ò fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Irinṣẹ́ náà ń yọ̀ bọ́rọ́, ó ń ha igi, ìyàwó sì ń sunkún, ó ń ṣépè fún ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn.

"Má kánjú," ni Bàbá Aláago wí látorí ilẹ̀. "Fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ kí o tó yí i. Ọwọ́ òsì ni o máa yí i sí."

"Kò lọ!"

"Á lọ. Sinmi. Ki ẹnu rẹ̀ bọ ojú síkúrù dáadáa. Ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé."

"Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Àkọ́kọ́ bọ́ lulẹ̀, ó dún ṣáún. Títí ìkẹrin fi bọ́, bóyá ogún ìṣẹ́jú ni, bóyá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aago rẹ̀ wà lórí tábìlì níta. Láàárín ìgbà náà, inú rẹ̀ tún ṣí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí irin ọwọ́ ilẹ̀kùn yọ, tí ìyàwó sì fi ìka ti ahọ́n kọ́kọ́rọ́ padà, ńṣe ni Bàbá Aláago wọ́ ẹní ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ bo ìdí rẹ̀.

"Má wò mí."

"Mi ò wò yín," ni ìyàwó wí, ó sì ń wò ó, ó ti kúnlẹ̀ sínú omi ìgbẹ́ náà pẹ̀lú aṣọ ilé rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ tó ti kú nìkan ló rí ìhòòhò rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dàgbà. Ọmọ rẹ̀ pàápàá ò rí i. Ó wá dùbúlẹ̀ báyìí bí ọmọ ọwọ́, obìnrin tó ń pè é ní Bàbá ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó ń bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i lára, ó ń nù ún níbi tí òun fúnra rẹ̀ ò lè fi ojú kàn. Ó ń sunkún láìmọ̀ bí á ṣe dá a dúró. Ìyàwó ò ní kó má sunkún. Ó kàn ń wí pé, "Ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. Ẹ ṣé. Èkejì. Ẹ ṣé."

Nígbà tó nù ún kẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ ìnura. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé nítorí èyí ni ẹ kì í fi í jẹ́ kí n fọ aṣọ yín?"

Bàbá Aláago mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo rò pé ọwọ́ mi ń rí yín lára ni. Láti oṣù mẹ́jọ. Mo sọ fún ọmọ yín pé bàbá rẹ ò fẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun kankan tó jẹ́ tiwọn, ife tí mo bá fọ̀, ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n tún ń fọ̀ ọ́. Mo sunkún lórí ẹ̀."

Gbogbo ohun tí Bàbá Aláago ti ń ṣe kó má bàa yọ ìyàwó lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ pátá ló ti ń dùn ún. "Mi ò fẹ́ di ẹrù lé ọ lórí ni," ló wí níkẹyìn.

"Ẹ wò ó bí ẹ ṣe wúwo tó báyìí," ni ìyàwó fèsì, ó ki ọwọ́ sí i lábẹ́ apá, ó gbé e dìde.

Ó tẹ́ ẹ sórí àga gígùn ní pálọ̀, ó fi ọ̀rá àti aṣọ àlòkù méjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ó forí gbá nǹkan, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ já geere. Ó béèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tó gbọ́ pé ó lò ó, ó mí kanlẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n fún un ní omi tí wọ́n fi súgà àti iyọ̀ díẹ̀ sí, kó sinmi fún wákàtí kan, kó wá máa mu ìyókù ní ìdákúrekú. "Tó bá tún dákú, ẹ gbé e wá kíá. Àmọ́ tó bá lè mu ún, kó mu ún tán o. Ẹ má ṣàánú rẹ̀ lórí ìyẹn."

Ife kan péré ló rí mu lálẹ́ ọjọ́ náà. Ihò wà níbi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ò ṣeé tì mọ́. Tó bá wọlé, ìyàwó á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa bá a sọ̀rọ̀ nípa àwọn lẹ́tà tí àdírẹ́sì wọn ò ṣeé kà níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó lè máa gbọ́ pé bàbá ń dáhùn.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ife márùn-ún ló kù nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó mu ọ̀kan. Ó mu ìkejì, ó bì í sínú ike. Ìyàwó bu ìkẹta fún un. Ó gbé e dé ẹnu, òórùn ọsàn náà kọ lù ú, gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n, ife sì ń lu eyín rẹ̀ kẹ́kẹ́. Egungun èjìká rẹ̀ yọ lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi rù tó bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó, ó tó. Jọ̀wọ́. Ó tó gẹ́ẹ́."

Ìyàwó wò ó. Ó wo kẹ́ẹ̀gì. Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó méjèèjì wọ ilé ìdáná, Bàbá Aláago sì gbọ́ omi tó ń dà sínú síńkì, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dá. Nígbà tó padà, kẹ́ẹ̀gì ti ṣófo.

"Ó ti tán," ló wí. Wọn ò wo ojú ara wọn.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní aṣọ kan tó là lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ mu?" Ìyàwó la ẹnu, Bàbá Aláago ti sọ pé, "Gbogbo rẹ̀." Wọ́n tì í lọ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ẹnì kan ní kó fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ kó ká orúnkún sókè, kò sì mọ ohun tó tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Nígbà tó jí, dókítà dúró níbẹ̀, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ ṣùgbọ́n kò tíì bọ́ ojú rẹ̀ tó le.

"Bàbá, a ò lè wò ó tán. Ìgbẹ́ ṣì kún apá ọ̀tún. A rí nǹkan kan tó hù sára ìfun lápá òsì, ó tóbi, a gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Àmọ́ ohun tó wà níwájú, a ò mọ̀ ọ́n. A máa tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Lítà mẹ́rin?"

"Lítà mẹ́rin. Ẹ ò mu ún tán. Ta ló ní kí ẹ dín in kù?"

"Dókítà, èmi ni mo..." ni ìyàwó bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni," ni Bàbá Aláago já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Mo dà á nù nígbà tó bọ́ síta. Kò mọ̀."

Dókítà bá a wí. Ó ní àgbàlagbà bíi tirẹ̀, ó ní àwọn aláìsàn ń dúró lórí ìlà, ó ní oògùn kì í ṣe ohun àmúṣeré. Bàbá Aláago tẹ orí ba títí ó fi sọ ọ́ tán. Nígbà tó jáde, ìyàwó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, omi ti dé ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ti rí ìdí mi tán pátápátá. Ìbáwí wo ló tún kù tó máa dùn mí?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà di ẹkún kó tó tán.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ wà nílé. Ọmọ ló ń dì í mú, ìyàwó ló ń bu oògùn, kò sì ṣàánú rẹ̀ mọ́. Bí Bàbá Aláago ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé, "Mo gbọ́, Bàbá, ẹ mu ún," ojú rẹ̀ pupa, ọwọ́ rẹ̀ ò sì yẹ̀ lórí ife. Wọ́n ti fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pa mọ́ sínú àpò ìyàwó láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀kan ló tún bì. Ní aago méje àárọ̀, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ mọ́ gaara, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìtọ̀, ọmọ rẹ̀ sì wọlé wò ó bí ẹni tó ń wo òkúta iyebíye.

Wọ́n rí ìfun rẹ̀ délẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n rí kékeré méjì sí i lápá ọ̀tún, wọ́n gé wọn kúrò lójú ẹsẹ̀. Èyí tó tóbi ò ṣeé gé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí wọ́n máa dúró de èsì, wọ́n sì dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Tí fóònù bá ti dún, gbogbo ilé á dákẹ́. Oníbàárà kan á sì ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá aago òun ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Aláago ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbìyànjú láti tún aago ògiri ilé ìdáná ṣe, ó tú u, ó sì fi í sílẹ̀ ní títú lórí tábìlì.

Ọjọ́ kẹwàá ni dókítà pè wọ́n jókòó. Jẹjẹrẹ ni. Ó ní àwòrán inú ikùn tí wọ́n yà fún un kò fi hàn pé ó ti ràn lọ síbòmíràn, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí títí wọ́n á fi là á. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n á gé ibi tó hù sí kúrò nínú ìfun, wọ́n á so etí méjèèjì pọ̀. Ọmọ rẹ̀ ń béèrè ìbéèrè lórí ìbéèrè, dókítà ń dáhùn pé, "A ò tíì mọ̀," "Ó di ìgbà yẹn," "A máa rí i." Bàbá Aláago jókòó, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó ń wò wọ́n.

"Kí wọ́n tó là mí," ló béèrè níkẹyìn, "ṣé màá tún mu ún?"

"Ẹ máa tún mu ún, Bàbá. Ó ti di dandan."

Ọmọ rẹ̀ yíjú sí ògiri. Ìyàwó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó ká a sí méjì. Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà níwájú wọn, kò sì sí àga tó ṣófo. Wọ́n tò sẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn, ìyàwó fi apá rẹ̀ kọ́ apá Bàbá Aláago kó lè fẹ̀yìn tì í, bàbá náà sì fẹ̀yìn tì í.